Kòsọ́kọ́, Ọba tó Dúró Gbèjà Èkó

Nígbà tí ilé-ìwé bíi tiwa bá ń ṣe àjọ̀dún, orúkọ àwọn ajíhìnrere àti àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń dá. A ó dárúkọ Henry Townsend, a ó dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, a ó sì dárúkọ Thomas Babington Macaulay tó dá ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò yẹ kí á gbàgbé ẹni tó ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí a kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níbi irú àpèjọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, a máa ń dá a bí ẹni ń dárúkọ Fáráò. Ẹni náà ni Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, tó dúró tòun ti ìbọn ní ẹnu ọ̀nà ìlú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé ní ọdún 1851. Lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò ni ìwàásù ìhìnrere tó rí àyè wọ Èkó, ilé-ìwé sì tẹ̀lé ìwàásù náà.

Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó bá jẹ́ pé orí ìṣubú ọkùnrin yìí ni a fi ìpìlẹ̀ àwọn ilé-ìwé wa lé, ó yẹ kí àwa tí a ń jẹ èso rẹ̀ mọ ẹni tó jẹ́, kí á mọ ohun tó ṣe tó dára àti èyí tó ṣe tó burú, kí á tó dá a lẹ́jọ́. Ìdí nìyí tí mo fi yan ìtàn rẹ̀ fún ìwé ìròyìn àjọ̀dún yìí.

ILÉ TÍ A BÍ I SÍ

Ọmọ ọba ni Kòsọ́kọ́ ní tòótọ́. Ológun Kútẹrẹ, tó jọba ní Èkó ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni bàbá bàbá rẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ Ológun Kútẹrẹ ló gorí ìtẹ́: Àdèlé, Ọ̀ṣìnlókun àti Akítóyè. Ọ̀ṣìnlókun ni bàbá Kòsọ́kọ́, nítorí náà ẹbí bàbá rẹ̀ gan-an ni Àdèlé àti Akítóyè í ṣe. Orúkọ àbíkú ni wọ́n sọ ọmọ náà: kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ẹnikẹ́ni, kí ọmọ yìí kúkú jókòó. Ọmọ náà sì jókòó lóòótọ́, ó jókòó débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ rí ìparí rẹ̀ ló kú ṣáájú rẹ̀.

Ilé tí a bí i sí kò ní ìrẹ́pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1821, Ọ̀ṣìnlókun lé Àdèlé kúrò lórí oyè, Àdèlé sì sá lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí Ọ̀ṣìnlókun wàjà ní ọdún 1829, Ìdéwù Ojúlarí ọmọ rẹ̀ ló jọba, ṣùgbọ́n ìlú kò gba tirẹ̀, wọ́n sì fi ipá mú un kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Kòsọ́kọ́ retí pé òun ni yóò kàn. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn ìjòyè ránṣẹ́ pe Àdèlé padà láti Àgbádárìgì. Nígbà tí Àdèlé kú ní ọdún 1837, Olúwọlé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n tún fi jọba, Kòsọ́kọ́ sì ń wòran.

Ẹni tó di ọ̀nà náà mọ́ ọn ni Elétù Òdìbò, olórí nínú àwọn afọbajẹ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Èkó fi yé wa pé ọ̀rọ̀ obìnrin ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn: obìnrin tí Elétù ń fẹ́ ni Kòsọ́kọ́ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Elétù kò gbàgbé. Ní ìgbà ayé Olúwọlé, ó fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọpọ́ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, wọ́n sì lé obìnrin náà kúrò ní ìlú. Kòsọ́kọ́ gbé ìjà, ìjà náà ni wọ́n ń pè ní Ogun Ewé Kókò, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká a. Ó sá kúrò ní Èkó pẹ̀lú àwọn tirẹ̀, ó sì di àlejò ní etíkun ìwọ̀ oòrùn, títí dé Ouidah ní ilẹ̀ Dàhòmì.

ÌPADÀBỌ̀ ÀTI OGUN OLÓMIRÒ

Ní ọdún 1841, àrá sán lu ààfin, ó ràn mọ́ ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀, Olúwọlé sì bá a lọ. Kòsọ́kọ́ wà ní ẹ̀yìn odi. Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, ni wọ́n fi jọba.

Ọlọ́kàn tútù ni Akítóyè. Ó rò pé bí òun bá fi inú rere pe ọmọ ẹ̀gbọ́n òun padà wálé, ẹ̀jẹ̀ ìbátan yóò borí ìbínú. Elétù Òdìbò kìlọ̀ fún un gidigidi, Akítóyè kò gbọ́, Elétù sì fi ìbínú kó lọ sí Àgbádárìgì. Kòsọ́kọ́ dé, ọba fi tayọ̀tayọ̀ gbà á, ó sì fi oyè Ọlọ́jà Eréko dá a lọ́lá. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Dáfídì àti Ábúsálómù nínú Ìwé Mímọ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Bí Ábúsálómù ti dúró sí ẹnu ibodè tó ń fa ọkàn àwọn ènìyàn mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ jókòó sí Eréko tó ń fi ọ̀wọ́ àti ẹ̀bùn kó àwọn ìjòyè àti jagunjagun sọ́dọ̀ ara rẹ̀, títí ó fi di pé ìlú ní ọba méjì.

Nígbà tí Akítóyè rí i pé ewu dé, ó ránṣẹ́ pe Elétù Òdìbò padà. Ìyẹn ló tú gbogbo rẹ̀ ká. Ní oṣù keje ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ gbógun ti ààfin, ó sì dó tì í fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi tó dáa kò sí fún mímu mọ́ àyàfi omi oníyọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ogun Olómirò. Nígbà tó pẹ́, Akítóyè wọ ọkọ̀ lọ gba orí ọ̀sà sá. Ní ọ̀nà Àgbóyí, ẹni tí Kòsọ́kọ́ fi ṣọ́ ojú omi ni Òṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀. Òṣòdì rí ọba tó ń sá lọ, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Ó fi ọ̀wọ̀ fún adé, ó sì jẹ́ kí ó kọjá. Akítóyè dé Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Elétù Òdìbò kò rí ẹni ṣàánú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Kòsọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ikú ìkà pa á.

Báyìí ni ọmọ tí wọ́n fo kọjá ní ìgbà mẹ́ta ṣe gorí ìtẹ́ baba rẹ̀.

ÈKÓ ÀTI ÒWÒ ẸRÚ

Kí ìtàn ogun tó ń bọ̀ tó lè yé wa, ó yẹ kí á mọ irú ìlú tí Èkó í ṣe nígbà náà. Erékùṣù ni, àárín ọ̀sà ló wà. Ẹnu ọ̀sà nìkan ni ọ̀nà tó ti òkun wọ̀ ọ́, òkìtì yanrìn sì wà lábẹ́ omi níbẹ̀ tí ìgbì ń fọ́ lé lórí tọ̀sán tòru. Ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá. Ẹni tó bá sì ti wọlé, iwájú rẹ̀ ni ọ̀nà omi tó lọ sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn, sí Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú ní ìlà oòrùn, àti odò Ògùn tó gòkè lọ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá di Èkó mú ló di ilẹ̀kùn ilẹ̀ Yorùbá mú.

Ẹrú ni ọjà tí ilẹ̀kùn náà ń tà. Bí Ọ̀yọ́ ti ń wó, tí Òwu sì túká, tí ogun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní òkè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa sọ̀kalẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po wá sí Èkó, tí àwọn oníṣòwò Potogí àti Bràsíl sì ń kó wọn lọ sí Bàhíà àti Kúbà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọdékùnrin kan tí ogun kó ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, ní ọdún 1822 wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì mú àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ọmọ náà ni Àjàyí, tó di Samuel Crowther. Ọ̀ṣìnlókun, bàbá Kòsọ́kọ́, ló wà lórí ìtẹ́ Èkó nígbà tí wọ́n tà á.

A kò gbọdọ̀ fi àpọ́nlé bo èyí mọ́lẹ̀. Ní ìgbà ìjọba Kòsọ́kọ́, òwò ẹrú gbilẹ̀ ní Èkó. Nínú rẹ̀ ló ti rí owó, ìbọn àti ẹ̀tù, òun ló sì fi di ìlú mú. Òtítọ́ ni pé kò dá a sílẹ̀, ó bá a nílé ni. Ṣùgbọ́n àìdá ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ kò sọ ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀ di aláìlẹ́bi, igbe àwọn tí wọ́n kó gba ẹnu ọ̀sà lọ sì dé etí Ọlọ́run.

AKÍTÓYÈ, ÀWỌN AJÍHÌNRERE ÀTI ÀWỌN GẸ̀Ẹ́SÌ

Ní Àgbádárìgì, Akítóyè bá àwọn ajíhìnrere pàdé. Ó ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá lè dá òun padà sórí oyè, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú, òun yóò sì ṣí ìlú sílẹ̀ fún òwò tó mọ́. Àwọn ajíhìnrere bíi Gollmer gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò. Ní ọdún 1851 náà ni Crowther wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó rí Olúwa Palmerston, òṣìṣẹ́ ọba lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tó sì rí Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀, tó ń ṣàlàyé ipò tí Èkó wà àti ewu tó wà fún àwọn Ẹ̀gbá. Nínú oṣù kẹta ọdún yẹn ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti kọ lu Abẹ́òkúta. Nínú oṣù kẹfà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì láàárín àwọn ti Akítóyè àti àwọn ti Kòsọ́kọ́, iná sì jó apá kan ìlú náà.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe rò pé ìfẹ́ ẹrú nìkan ló gbé ọkọ̀ ogun wá. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń wá epo pupa fún ẹ̀rọ àti ọṣẹ wọn, wọ́n sì mọ̀ pé Èkó ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ sí oko ọ̀pẹ ilẹ̀ Yorùbá. Àánú àti èrè wọ ọkọ̀ kan náà wá, ó sì ṣòro láti mọ èyí tó di ìtọ́kọ̀ mú nínú àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1851, John Beecroft, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun wa, wọ Èkó lọ bá Kòsọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti fi òwò ẹrú sílẹ̀. Kòsọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀tá òun wà ní ẹ̀yìn àwọn àlejò náà, tó ń dúró de adé.

ÌJÀ ÀKỌ́KỌ́

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, Beecroft àti àwọn ọ̀gá ọmọ ogun orí omi tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ ogun Bloodhound, tí ń fi agbára iná rìn, tí kò sì rì jìn sínú omi, ló ṣáájú, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó kún fún ọmọ ogun sì tẹ̀lé e. Wọ́n ta àsíá funfun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọmọ ogun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ru àsíá àlàáfíà, ó ṣòro kí onílé tó gbà á gbọ́. Àwọn ará Èkó yìnbọn láti etí omi. Bloodhound gúnlẹ̀ sórí yanrìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀kalẹ̀, wọ́n dáná sun àwọn ilé kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wọ àárín àwọn ọ̀nà tóóró Ìṣàlẹ̀ Èkó ni ọta ń wá láti ẹ̀yìn ògiri gbogbo. Méjì nínú àwọn ọ̀gá wọn kú, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n sì jáde lọ.

Ìròyìn náà ya gbogbo etíkun lẹ́nu. Ìjọba tó lágbára jù lọ lójú òkun ní ayé ìgbà náà wá sí Èkó, ọba Èkó sì lé e padà.

OGUN ÀGÌDÌNGBÌ

Kòsọ́kọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé wọn yóò padà wá. Láàárín oṣù kan tó kù fún un, ó sọ ìlú rẹ̀ di odi. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbẹ́ yàrà, wọ́n mọ òkìtì ilẹ̀ sí etí omi ní apá ibi tí ọkọ̀ lè gbà wọlé, wọ́n fi ìtí àgbọn ti òkìtì náà lẹ́yìn, wọ́n sì to ìbọn àgbá sí i. Níbi gbogbo tí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sí, wọ́n ri òpó igi ńláńlá mọ́ inú omi ní ìlà méjì, kí ọkọ̀ má baà lè dé ilẹ̀. Àwọn oníbọn fara pamọ́ sínú yàrà. Òṣòdì Tápà ni olórí gbogbo wọn. Ọmọ Tápà ni Òṣòdì, láti kékeré ló ti dé ilé Ọ̀ṣìnlókun, ilé náà ló sì ti dàgbà di ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun tí ìmọ̀ ogun rẹ̀ jinlẹ̀ jù lọ tí Èkó tíì ní.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé pẹ̀lú agbára tó ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀gá Bruce ló ni àṣẹ gbogbo ọkọ̀ ogun wọn ní etíkun, Captain Lewis Jones ló sì ṣáájú ìjà náà. Bloodhound àti Teazer wọ inú ọ̀sà; Penelope, tó tóbi ju kí ó kọjá ẹnu ọ̀sà lọ, dúró lójú òkun, ó sì rán àwọn ọkọ̀ kéékèèké rẹ̀ wọlé. Akítóyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ náà wà nítòsí, wọ́n ń dúró de bí yóò ti rí.

Ọjọ́ Kérésìmesì kọjá. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, 26 oṣù kejìlá, ọjọ́ Ẹtì, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní kùtùkùtù. Bí ìbọn àgbá ti ń dún àgìdìngbì, àgìdìngbì, ni wọ́n ṣe sọ ogun náà ní Ogun Àgìdìngbì. Bí ọta sì ti ń ru sókè bí omi tó ń hó lórí iná ni àwọn mìíràn ṣe ń pè é ní Ogun Àhóyaya. Kò pẹ́ tí Teazer fi gúnlẹ̀ sórí yanrìn níbi tí ìbọn Èkó ti lè bà á. Kí ọkọ̀ náà má baà run, Captain Lyster kó ọmọ ogun sọ̀kalẹ̀ láti lọ pa ìbọn àgbá tó ń dà á láàmú lẹ́nu mọ́. Wọ́n la òpó omi kọjá, wọ́n gun òkìtì, wọ́n sì ba àwọn ìbọn náà jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń padà sínú ọkọ̀ ni àwọn oníbọn Kòsọ́kọ́ ya jáde láti inú igbó àti yàrà. Wọ́n gba ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣá ọ̀pọ̀ ènìyàn balẹ̀. Lyster fúnra rẹ̀ gba ọta sí ẹ̀yìn. Nígbà tí ogun náà fi máa parí, ènìyàn 15 ló kú lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì tó 75. A kò ka òkú àwọn ará Èkó sínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn ni àwọn náà.

Títí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Èkó ṣì wà lọ́wọ́ Kòsọ́kọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kejìlá, ni nǹkan yí padà. Wọ́n ti gbé Teazer kúrò lórí yanrìn, àwọn ọkọ̀ sì yí ká erékùṣù lọ sí apá àríwá, wọ́n ń fi ìbọn àgbá àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ju iná sínú ìlú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan bọ́ lu ilé Òṣòdì Tápà, ilé náà gbiná. Lẹ́yìn náà ni ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù sí bú gbàmù. Koríko ni òrùlé Èkó, atẹ́gùn sì ń fẹ́; láìpẹ́, apá ìlú náà ti di ọ̀wọ́ iná kan ṣoṣo. Kò sí òkìtì ilẹ̀ tàbí òpó omi tó lè dá iná tó ti òkè bọ́ dúró. Odi tí Kòsọ́kọ́ mọ dára fún ogun tó mọ̀. Ogun tó dé bá a kì í ṣe irú èyí tó mọ̀.

Ní òru ọjọ́ náà, Kòsọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n sì gba orí ọ̀sà lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, 28 oṣù kejìlá, mọ́, ìlú ti pa rọ́rọ́. Orí ọ̀sà tí Akítóyè gbà sá ní ọdún 1845 ni Kòsọ́kọ́ náà gbà sá ní ọdún 1851.

ÌGBÀ TÓ WÀ NÍ Ẹ̀PẸ́

Akítóyè gorí oyè. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1852, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú àti fífi ènìyàn rúbọ ti dópin ní Èkó, pé ọ̀nà òwò ṣí sílẹ̀, àti pé àwọn ajíhìnrere yóò ní ààbò. Nínú oṣù yẹn kan náà ni James White, ọmọ ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ní ìlú náà. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ń padà wálé láti ilẹ̀ òkèèrè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn tó bá a lọ pọ̀, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí ó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn nígbà tó wà lórí oyè. Títí di òní, a ṣì ń ya Èkó Ẹ̀pẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ní ìlú náà. Láti ibẹ̀ ló ti gbìyànjú láti gba Èkó padà. Ní ọdún 1853, ó kọ lu ìlú náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì tún lé e. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni Akítóyè kú, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí jù. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Benjamin Campbell, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbà láti má ṣe gbógun ti Èkó mọ́, ó sì gbà láti jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Àwọn náà gbà pé òun ló ni èbúté Palma àti Lẹ́kí, wọ́n sì ṣèlérí owó kan fún un lọ́dọọdún. Epo pupa ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí ìbọn kò lè mú tẹrí ba, àdéhùn tó bọ̀wọ̀ fún un ló mú un jókòó.

ÌPADÀBỌ̀ ÌKẸYÌN

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, lábẹ́ ìbọn ọkọ̀ ogun Prometheus, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ìdílé tí wọ́n fi ìbọn gbé padà sórí oyè, ìbọn kan náà ló wá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì pé ọdún 10. Àwọn tó pe alágbára wá bá wọn dá sí ìjà ilé kò ronú pé alágbára náà lè jókòó pa síbẹ̀.

Ní ọdún 1862, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láàyè láti padà sí Èkó. Kò padà sí ààfin Ìgá Ìdúngànrán. Eréko ló padà sí, níbi tí Akítóyè ti fi jẹ oyè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba ń fún un ní £400 lọ́dún. Òṣòdì Tápà, tó bá a ja gbogbo ogun, tó sì bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́, bá a padà. Ibi tí òun àti àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tẹ̀dó sí ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Òṣòdì kú ní ọdún 1868. Ní ọdún 1872, Kòsọ́kọ́ náà sùn, wọ́n sì sin ín sí Ìgá Eréko. Kò gbé ìjà kankan mọ́ láti ìgbà tó ti padà títí ó fi kú.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ilé-ìwé Kristẹni dá ọkùnrin yìí lẹ́jọ́? Èmi kò lè pè é ní ẹni mímọ́. Ó fi ìkà san inú rere, ó sì jẹ nínú owó ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá. Ìgboyà rẹ̀ ní Ogun Àgìdìngbì kò sọ òwò ẹrú di mímọ́. Ẹni tó bá fi ìgboyà gbèjà ohun búburú, ìgboyà ni, ṣùgbọ́n ohun búburú náà kò yí padà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni èmi kò lè pè é ní Fáráò. Ìlú rẹ̀ ló gbèjà. Kò sá nígbà tí àwọn tó lágbára jù ú lọ dé, kò sì fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣubú. Nígbà tí ó rí i pé ogun kò lè dá ohun tó sọnù padà, ó yan àlàáfíà, ó sì pa á mọ́ títí dé ibojì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọba tí a ń yìn kò ṣe tó ìdajì èyí.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ fún àwa tí ìhìnrere tọ̀ wá wá. Iṣẹ́ rere ni pípa òwò ẹrú rẹ́, ṣùgbọ́n iná tó jó Èkó kò yan ilé ẹlẹ́ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ilé aláìṣẹ̀. Ìhìnrere kò nílò ìbọn àgbá láti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó mú un dúró ní Èkó ni sùúrù àwọn olùkọ́, ìwé ABD tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ọba àti ọmọ ẹrú lórí ìjókòó kan náà, àti ìfaradà àwọn ẹni tí wọ́n ti tà rí tí wọ́n padà wá láì gbẹ̀san. Àjàyí tí wọ́n tà ní Èkó padà wá gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run sí ìlú tó tà á. Ìṣẹ́gun tó ju ti ọkọ̀ ogun lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa, bí ẹ bá dé Ìṣàlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ kan, ẹ yà sí Eréko àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ẹ rántí ọkùnrin tí wọ́n sin síbẹ̀, kí ẹ sì rántí àwọn tó gba ẹnu ọ̀sà lọ tí a kò mọ ibojì wọn. Ẹni tó bá lè rántí àwọn méjèèjì pọ̀ láì ṣègbè ni ẹ̀kọ́ ìtàn ti yé. Kí Olúwa tó pa ilé-ìwé yìí mọ́ di ọdún òní fún wa ní ọkàn tó lè sọ òtítọ́ àti ọkàn tó lè dárí jì.